Fóònù tuntun dé: ṣé kí n kó gbogbo ẹrù àtijọ́ wọnú ẹ̀ ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́tun?

Abẹ́rẹ́Òwú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí fóònù tuntun ti wà nínú páálí lórí tábìlì ìránṣọ mi, mi ò tíì tàn án, ẹ̀rù ló ń bà mí. Android ni èyí tí mò ń lò, ó máa pé ọdún márùn-ún láìpẹ́, ojú ẹ̀ ti sán láti igun dé igun, báàtìrì ẹ̀ ò sì gbà mọ́, tí mo bá yọ ọ́ kúrò nídìí iná, kí n tó rán apá aṣọ kan tán ó ti kú. Android náà ni tuntun yìí àmọ́ iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe é.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Inú WhatsApp ni ìwọ̀n ara gbogbo kọ́sítọ́mà mi wà. Àwọn kan á kọ ọ́ ránṣẹ́, àyà 38, ìdí 44, gígùn apá 23, àwọn míì á sọ ọ́ sínú voice note, àwọn míì tiẹ̀ máa ń na téèpù sí ara wọn kí wọ́n tó yà á ní fótò, èmi á kàn fi ìràwọ̀ sí mẹ́sééjì yẹn kí n lè tètè rí i lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gé aṣọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mi ò ti kọ ìwọ̀n kankan sínú ìwé mọ́. Tí ìyẹn bá lọ, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹni tó ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi látìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé kí n wá ní kó tún wá dúró kí n wọn ara ẹ̀ bí àlejò?

Àbúrò mi ọkùnrin, tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí jù mí lọ, ní kí n má kó nǹkan kan o. Ó ní ìdọ̀tí ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ rù wọ ilé tuntun, pé áàpù 112 ló wà lórí fóònù mi (ó jókòó kà wọ́n) tí mi ò sì lò tó mẹ́wàá nínú ẹ̀, pé tí mo bá kó gbogbo ẹ̀ dé, kò ní pẹ́ tí tuntun náà á fi máa wọ́ bí ìgbín. Ó ní kí n tàn án, kí n wọlé sí Google, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní irọ́ ni, pé òun kó tòun látòkè délẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere títí dòní. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó ti ṣe é rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Àárọ̀Kùtù:

Àǹtí, mo ti ṣe èyí tí àbúrò yín ń sọ yẹn rí, ní 2022, mi ò ní purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Fóònù yẹn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ariwo tó ń jáde lára àtijọ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, áàpù géèmù tí mo fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣì ń pè mí láràárọ̀ pé kí n wá ṣeré, èyí tí mo fi ra bàtà lẹ́ẹ̀kan ń sọ fún mi pé owó ọjà ti wálẹ̀, mo ti gbà pé bí fóònù ṣe ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, mo ní mi ò ní fi áàpù kankan sí i àfi lọ́jọ́ tí mo bá nílò ẹ̀ gan-an. Nígbà tó pé oṣù kan mo kà wọ́n, 23 péré ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dùn mí. Mo ní áàpù kan tó máa ń fúnni ní nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra wọn, òun ni mo fi ń wọ ìmeèlì iṣẹ́ mi. Mo ti reset fóònù àtijọ́, ìyẹn ni pé mo ti nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, mo ti gbé e fún ẹnì kan, inú mi ń dùn kiri. Lọ́jọ́ kẹta ìmeèlì ní kí n mú nọ́ńbà mẹ́fà wá, mo ṣí áàpù yẹn lórí tuntun, ó ṣófo, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Orí fóònù àtijọ́ yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sí níbòmíì, a sì ti nù ún kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 11 ni mo fi ń kọ lẹ́tà tí mo fi ń fi káàdì ìdánimọ̀ hàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé, iṣẹ́ ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ mi sì dúró fún gbogbo ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló dùn mí jù.

Torí náà èmi fara mọ́ bíbẹ̀rẹ̀ lọ́tun, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ yín. Kí méjèèjì jọ wà fún bí oṣù kan.

Atúnfóònùṣe:

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn èyí torí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ẹnì kan má sunkún níwájú mi lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìgbín yẹn. Àbúrò yín gba ìdajì. Tí ẹ bá kó nǹkan látorí Android kan sí òmíì, kì í ṣe ẹ̀mí fóònù àtijọ́ lẹ ń gbé wọ tuntun. Android tó ń darí tuntun, tiẹ̀ ni, ó ti bá a jáde láti ilé iṣẹ́. Ohun tó ń sọdá ni orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn, mẹ́sééjì, fótò, sẹ́tíǹsì, àti orúkọ àwọn áàpù yín, Play Store á wá dáńlóòdù áàpù yẹn lọ́tun sórí èyí tẹ́ ẹ rà. Fótò 9,000 tó jókòó jẹ́jẹ́ kì í mú fóònù wọ́. Ohun méjì ló ń mú un wọ́: áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ò rí i, àti kí ààyè inú fóònù kún débi pé kò rí ibi mí mọ́. Áàpù 112 yẹn ni ìṣòro, kì í ṣe kíkó.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ níbí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kó ẹrù tán, fóònù tuntun máa gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì, báàtìrì á máa tètè lọ, ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ ò rí i, ìdọ̀tí ti dé. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ń dáńlóòdù ni, ó ń to fótò lẹ́sẹẹsẹ, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ohun tó wà nínú wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá a. Ẹ fi sídìí iná, ẹ fi í sílẹ̀ lórí Wi-Fi mọ́jú, ẹ má dá a lẹ́jọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ìkejì, kò pọn dandan kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú méjì. Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan tuntun, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó nǹkan látorí fóònù míì, tẹ́ ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa to àwọn nǹkan yẹn kalẹ̀ pẹ̀lú àmì máàkì níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí ibi áàpù, ẹ yọ máàkì kúrò lórí gbogbo wọn, kẹ́ ẹ wá padà fi sí mẹ́wàá tẹ́ ẹ̀ ń lò yẹn. Orúkọ èèyàn, mẹ́sééjì, fótò, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ní wáyà, ẹ fi wáyà so méjèèjì pọ̀, ó yá ju Wi-Fi lọ.

Ó wá ku WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má gbọ́kàn lé kíkó gbogbogbò yẹn pé ó máa gbé WhatsApp dé, ọ̀nà tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e gbà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni backup, ìyẹn ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín tí WhatsApp ń fi pamọ́ sí Google. Nínú WhatsApp, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Chats, ẹ wọ Chat backup, ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn ní backup, ẹ wá wò ó, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló ṣe é kẹ́yìn, torí pé ààyè Google ti kún. GB 15 ni Google fún olúkúlùkù lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in, látọdún 2021 ni fótò ti ń jẹ nínú ẹ̀, WhatsApp pàápàá ti wá dara pọ̀ mọ́ wọn báyìí, tẹ́lẹ̀ wọn kì í ka tiẹ̀. Fídíò kì í sí nínú backup yẹn o, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí i.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ fún yín. Látọdún 2023 WhatsApp ti ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Transfer chats, inú Settings kan náà, Chats kan náà. Ẹ gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí Wi-Fi wà lórí méjèèjì, ẹ fi WhatsApp sórí tuntun, ẹ fi nọ́ńbà kan náà wọlé, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó ọ̀rọ̀ látorí fóònù àtijọ́, á gbé àwòrán onígun mẹ́rin aláàmì dúdú-funfun yẹn jáde, ẹ fi àtijọ́ wò ó. Tààrà ló ń lọ látorí ọ̀kan sórí ìkejì, kò bá Google da nǹkan kan pọ̀, fótò, voice note, fídíò, gbogbo ẹ̀ ló ń bá a lọ. Tó bá bi yín, ẹ má tẹ Skip o. Ibi tí mo ti ń rí ẹkún nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ Skip, ọ̀rọ̀ tuntun á ti máa wọlé, àfi kó yọ WhatsApp kúrò kó tún fi í sí i kó tó lè rí ìbéèrè yẹn mọ́.

Àtijọ́ yín yẹn, torí báàtìrì ẹ̀ ti rẹ̀, kó wà nídìí iná látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbọdọ̀ kú láàárín méjì.

Áàpù báńkì, bẹ́ ẹ kó o, bẹ́ ò kó o, ó máa ní kẹ́ ẹ wọlé lọ́tun. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ so mọ́ ara fóònù gan-an, kì í jáde. Ẹ ṣáà rí i pé síìmù tí wọ́n ń fi kọ́òdù ránṣẹ́ sí wà lọ́wọ́ yín.

Abẹ́rẹ́Òwú:

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá mi san yín lóore. Mo ti wọ Chat backup, ọkàn mi já. Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ló wà níbẹ̀! Mo sì rò pé ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Tí mo bá ti gbọ́ ti àbúrò mi, tí mo tan tuntun, tí mo wọlé sí Google bó ṣe wí, ìwọ̀n ara ọdún kan ààbọ̀ ni ì bá lọ yẹn. Àwọn ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, àwọn ọmọ tó ti ga sí i, gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

ÒdòdóPupa:

Ẹ fọkàn balẹ̀ ọmọ mi, kò tíì lọ, ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Èmi ti kó fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ẹ lọ wo ibi tí orúkọ àwọn èèyàn yín ń gbé. Ibi mẹ́ta ló ṣeé ṣe kó wà: orí síìmù, orí fóònù fúnra ẹ̀, tàbí lórí àkáǹtì Google. Èyí tó wà lórí Google nìkan ló máa yọjú lórí tuntun tẹ́ ẹ bá kàn wọlé. Èyí tó wà lórí síìmù á bá síìmù lọ, ṣùgbọ́n síìmù ò gbà ju nǹkan bí igba àti àádọ́ta orúkọ lọ, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló sì mọ̀ ọ́n gbé, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, àlàyé tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀, kò mọ wọ́n. Èyí tó wà lórí fóònù ló máa ń bá fóònù kú.

Lẹ́ẹ̀kejì tí mo kó, orúkọ 64 ni mi ò rí mọ́. Kì í ṣe pé mo pa wọ́n rẹ́, nígbà tí mò ń fi wọ́n síbẹ̀ fóònù bi mí níbo lo fẹ́ kí n fi sí, èmi tẹ èyí tó kọ́kọ́ wà lókè. Àwọn tá a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan nínú wọn ò sí láyé mọ́ báyìí, àwọn tó kù èmi ò sì mọ ọ̀nà tí mo lè fi rí wọn. Ẹ wọ inú Contacts, ẹ wá ibi tí ẹ ti lè kó èyí tó wà lórí fóònù sí àkáǹtì, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Lórí ọ̀rọ̀ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, mo lóye àwọn ọmọdé tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí a kì í wò lójoojúmọ́ tá a sì ń wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

IgbóDúdú:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Atúnfóònùṣe sọ, àmọ́ ibì kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kó nǹkan kan àyàfi fótò àti nọ́ńbà. Tí ara àtijọ́ ò bá yá. Fóònù màmá mi, ìpolówó á kàn ṣàdédé bo gbogbo ojú ẹ̀, bí wọ́n ń pe ẹnì kan lọ́wọ́ ni o, bí wọ́n ò ṣe nǹkan kan ni o, ó á jáde. Áàpù kan tí wọ́n tẹ̀ látinú líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ló ń ṣe é, kò tiẹ̀ ní àmì kankan lójú fóònù, inú Settings ni mo ti rí i. A ra tuntun fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi áàpù ilé iṣẹ́ fóònù yẹn kó gbogbo ẹ̀ pátá, àti áàpù àti ohun gbogbo, lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìpolówó ti bẹ̀rẹ̀ lórí tuntun. Àfi ká reset tuntun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ká sì fọwọ́ kó fótò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Torí náà kẹ́ ẹ tó kó áàpù mẹ́wàá yẹn, ẹ bi ara yín bóyá Play Store lẹ ti mú wọn. Èyí tó bá wá látinú líǹkì, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọmọ_Ìwé:

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo ya bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yín. Èmi ń lọ sí iPhone láti Android ní tèmi o, mo sì ti tàn án láti àná, mo ti wọlé, mo ti ń lò ó. WhatsApp mi ńkọ́? Backup mi ti àná wà lórí Google.

Atúnfóònùṣe:

Àbúrò, iPhone ò lè ka backup tó wà lórí Google, iCloud, ibi ìpamọ́ ti Apple, ni WhatsApp tiẹ̀ ń lò. Ọ̀nà tó wà ni áàpù Move to iOS tí Apple ṣe, ẹ fi í sórí Android, látọdún 2022 ló ti ń gbé WhatsApp náà dé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iPhone bá ṣì wà lójú ìbéèrè àkọ́kọ́, tí kò tíì dé ojú ibi tá a ti ń lò ó, ìgbà yẹn nìkan ló ń gbà á. Ìwọ ti kọjá ibẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ inú WhatsApp bá jọ ẹ́ lójú, reset iPhone yẹn lónìí tó o ṣì lò ó fún ọjọ́ kan péré, kó o bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Tó o bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tuntun á ti pọ̀ lórí ẹ̀, wàá ní méjì tí kò ṣeé pa pọ̀.

Telegram ní tiẹ̀ ò ní wàhálà yìí, orí kọ̀ǹpútà wọn ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, wọlé báyìí gbogbo ẹ̀ á jáde, àyàfi secret chat tí kì í kúrò lórí fóònù tó o ti ṣe é.

Fótò àti orúkọ èèyàn, tó bá jẹ́ orí Google ni wọ́n wà, kò sí ohun tó o máa kó, fi áàpù Google Photos sórí iPhone, fi àkáǹtì Google sí i nínú Settings. Má gbìyànjú láti kó fótò ọdún mẹ́fà sínú iCloud ọ̀fẹ́ o, GB 5 péré ni.

Ọmọ_Ìwé:

Mo ti ń reset ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ ṣé gan-an sà.

Àárọ̀Kùtù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí áàpù nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, torí mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe mí ṣe àǹtí.

Atúnfóònùṣe:

Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ Google Authenticator, láti April 2023 ló ti lè fi wọ́n pamọ́ sórí àkáǹtì Google, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wo àmì ìkùukùu tó wà lókè, tó bá ní ìlà lórí, a jẹ́ pé kò sí lórí àkáǹtì, orí fóònù nìkan ló wà. Ẹ lè ní kó máa fi wọ́n pamọ́ sórí àkáǹtì, tàbí kẹ́ ẹ lo ibi tí wọ́n ń pè ní Transfer accounts, kí fóònù tuntun fi kámẹ́rà wò ó. Áàpù mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wo tiẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é.

Backup WhatsApp tí ẹ̀ ń fi páásíwọ́ọ̀dù tì náà ńkọ́, èyí tó dé ní 2021. Ó dáa gan-an, mo ń lò ó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yẹn, tàbí nọ́ńbà 64 tó máa ń fún àwọn tó bá yan ìyẹn, tí fóònù àtijọ́ sì ti lọ, kò sí ẹni tó lè ṣí i, WhatsApp fúnra ẹ̀ ò lè ṣí i. Ẹ kọ ọ́ síbi tí kì í ṣe orí fóònù kan náà.

Abẹ́rẹ́Òwú:

Mo ti ṣe é! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn torí ẹ̀yin lẹ kó mi yọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, mi ò kánjú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò tan tuntun rárá, orí àtijọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́. Mo wọ Contacts bí màmá ÒdòdóPupa ṣe wí, orúkọ 41 ni mo bá tó ń gbé orí fóònù nìkan, ẹni tó ń tà mí lówùú sì wà lára wọn, mo kó gbogbo wọn sí Google. Mo wá jókòó ti àwọn áàpù. Nínú 112, mẹ́rìnlá ni mo mú. Méjì nínú àwọn tí mo fi sílẹ̀, mi ò rántí rárá pé mo fi wọ́n síbẹ̀, mi ò rí orúkọ wọn lórí Play Store, mo rántí ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn, mo yọ wọ́n kúrò lórí àtijọ́ pàápàá.

Ọjọ́ kejì mo fi wáyà so wọ́n pọ̀, mo fi àtijọ́ sídìí iná, mo yọ máàkì bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Fótò ló gbà á lákòókò jù. WhatsApp ni mo ṣe kẹ́yìn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tó gbé ìbéèrè yẹn wá, mo wá Skip níbẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Nígbà tó parí mo lọ tààrà sí ibi àwọn mẹ́sééjì oníràwọ̀, wọ́n wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo tẹ voice note ìyá kan tó máa ń ka ìwọ̀n ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lé ara wọn láì sinmi, ó dún ketekete, omi bọ́ lójú mi díẹ̀.

Mo ti pe àbúrò mi. Ó ní òun ò mọ̀ pé backup mi ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀ mí. Mi ò bínú sí i, ti áàpù yẹn ó gbọ́n ju èmi lọ, tuntun yìí sì yára gan-an ni.

Ohun tí mò ń ṣe láti àná nìyí: mo ra ìwé kan, mò ń ṣí mẹ́sééjì oníràwọ̀ kan lẹ́yìn òmíì, mò ń kọ orúkọ, ìwọ̀n, àti ọjọ́ tí mo gba ìwọ̀n yẹn. Mo ti ṣe ẹni 27. Àbúrò mi ní òun fẹ́ gba àtijọ́ yẹn fi kọ́ iṣẹ́ títún ojú fóònù ṣe, ìgbà wo ni mo lè fún un?

Atúnfóònùṣe:

Inú mi dùn dọ́ba. Ẹ dúró kó pé oṣù kan, kẹ́ ẹ ti wọ báńkì, ìmeèlì, gbogbo ibi tó ń béèrè kọ́òdù láti orí tuntun. Kẹ́ ẹ má ṣe gbójú lé backup Google ti fóònù àtijọ́ yẹn láti dúró dè yín o, tí wọn ò bá lo fóònù fún ọjọ́ 57, Google lè pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì Google yín kúrò nínú Settings, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó reset. Tẹ́ ẹ bá reset láti ibi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ láì yọ àkáǹtì, á máa béèrè ìmeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì ní ṣí. Tó bá ní síìmù tàbí káàdì mẹ́mórì nínú, ẹ yọ ọ́.

Abẹ́rẹ́Òwú:

Káàdì mẹ́mórì! Ó wà nínú ẹ̀ o, láti ọdún àkọ́kọ́, mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ohun tó wà lórí ẹ̀.